Ìyàwó Mi àti Oko Àgbìn-Ẹ̀ẹ̀kan

                                        Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ẹ̀rọ Omi,
                                        Òpópónà Kẹta.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin.

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn yín tó sunkún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹ wá kí wa, tí kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí a fi ṣẹ̀ ẹ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Mo gbọ́ pé wọ́n ti gbé ọ ga níbi iṣẹ́. A bá ọ yọ̀ o. Má wá jẹ́ kí ó gùn ọ́ lórí débi pé o ò ní rántí àwa tí a jọ pín bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo níléèwé. Ní tiwa níbí, ara le, iṣẹ́ pákó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi obìnrin sì ti ga dé èjìká mi, kódà ó ti ń dá mi lóhùn bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mi ò ní tàn ọ́, kì í ṣe ìkíni nìkan ni mo torí rẹ̀ gbé bírò. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò yìí, torí bí mo bá sọ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, á ti ṣáájú mi délé. Ìyàwó mi ń gbèrò nǹkan kan. Mi ò tíì mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbèrò, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ó fẹ́ fi mí sílẹ̀. Mo fẹ́ to gbogbo ohun tí mo ti rí síwájú rẹ, kí o bá mi wò ó bóyá orí mi ló ti ń dà rú.

O mọ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa, èyí tó gùn dé ògiri ilé ẹ̀rọ omi. Ibẹ̀ la ti ń jẹun ní àwọn oṣù tí kò bá sí ẹni tó fẹ́ ra ibùsùn tàbí ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ báyìí, iṣẹ́ dé nìyẹn. Èmi á kọ ebè, òun á gbin àgbàdo, ẹ̀wà, ilá àti ẹ̀fọ́. Á ro ó, á tún un ro, á tún tún un ro. Tí a bá kórè tán, ilẹ̀ á ṣófo bí àwo tí ọmọdé lá, a ó sì máa retí òjò mìíràn kí á tún bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Ọdọọdún la sì máa ń jà lórí ebè yìí. Á ní mo pẹ́, á ní ebè mi wọ́ bí ejò, èmi á ní kí ó lọ wá ọkọ tó ń kọ ebè tó tọ́. Ìjà náà ti di ara ilé wa, ó ti mọ́ mi lára.

Lọ́dún yìí, òjò àkọ́kọ́ rọ̀, kò pè mí. Èkejì rọ̀, kò pè mí. Gbogbo àdúgbò ń fi ọkọ́ lálẹ̀, ìyàwó mi jókòó lórí àga, ó ń bó òtílì, ẹ̀wà orí igi yẹn, ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Mo gbé ọkọ́ lé èjìká, mo rìn kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè rí mi. Ó bi mí pé ta ni mo fẹ́ lọ yá ní ọkọ́. Obìnrin tó ti ń bá ọ jà lórí ebè fún ọdún mẹ́tàlá wá dákẹ́ lójijì, kò ní ṣe ọ́ bákan?

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ilẹ̀ náà dáadáa. Gbà mí gbọ́, mi ò mọ ìgbà tó yí padà, torí díẹ̀díẹ̀ ló ṣe é. Lọ́dún kan, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo ní ó dáa. Lọ́dún kejì, àgbàdo dín ní poro méjì, òtílì gba ibẹ̀. Ewúro di ọgbà, ó yí ilẹ̀ ká. Ata wẹ́wẹ́ tó yẹ kí á ti fà tu láti ìjelòó ṣì wà níbẹ̀, ó ti ga dé àyà mi, ó ń so lọ ràì. Ó gbin igi kan tí èso rẹ̀ tóbi tó orí ọmọ ọwọ́, tí wọ́n ń sè jẹ bí iṣu. Ó tún gbin irú iṣu kan tó ń so lókè lára okùn rẹ̀, èmi gan-an ni mo sì ri òpó tó ń gùn mọ́lẹ̀, mo rò pé eré ló ń ṣe. Gbogbo wọn ló jẹ́ ohun tí èèyàn ń gbìn lẹ́ẹ̀kan, tí á máa so lọ́dọọdún láìsọ pé kí ẹnikẹ́ni wá tún òun gbìn. Àgbàdo? Ẹyọ kan kò sí.

Nígbà tí mo bi í, ó ní ó ti rẹ òun láti máa bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ní ilẹ̀ tí a kì í tú ká nígbà gbogbo máa ń di omi mú, pé gbòǹgbò tó ti lọ jìnnà nísàlẹ̀ kì í tètè mọ ọ̀dá lára. Ìdáhùn náà dùn létí. Ó tiẹ̀ dùn jù. Ta ló ń kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ yẹn? Èmi rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì. Ẹni tó ń gbin àgbàdo ń sọ fún ọ pé òun á wà nílé nígbà òjò tó ń bọ̀. Ẹni tó wá dá oko tí kò nílò ẹnikẹ́ni, ibo ló ń lọ?

Mo ní kí n dán an wò. Lọ́jọ́ Sátidé kan tó lọ síbi iṣẹ́ (o rántí pé ilé ìgbẹ̀bí ló ti ń ṣiṣẹ́, tó ń fọ aṣọ, tó ń gbé omi gbígbóná fún nọ́ọ̀sì), mo gbé ọkọ́, mo bọ́ sí apá kan ilẹ̀ náà tí mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi òpó àti okùn gbígbẹ tí mo rò pé ó ti kú, mo sì kọ ebè méjìlá. Ebè tó tọ́ bíi rúlà! Ohun tí mo fẹ́ ni kí ó dé, kí ó wò ó, kí ó ní ó wọ́, kí á jà, kí ọkàn mi balẹ̀.

Ó dé, ó wò ó. Àṣé iṣu olókè yẹn kò tíì kú. Àṣé okùn rẹ̀ nìkan ló máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí rẹ̀ wà láàyè nísàlẹ̀, ó ń dúró de òjò. Ọkọ́ mi ti gé mọ́kànlá sí wẹ́wẹ́. Ìyàwó mi kò pariwo. Kò bú mi. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń ṣa ègé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi eérú pa ojú ibi tí mo gé, ó ń dá wọn padà sínú ilẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wá bi mí bóyá mo ní àjákù pákó. Mẹ́tàlélógún ló fẹ́, kí wọ́n fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

Èmi ọ̀gbẹ́ni sì jókòó, mo rẹ́ ẹ fún un, mo fi sánpépà fá a títí ó fi ń dán. Ó fi ọ̀dà dúdú kọ nǹkan sára wọn, ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdí ohun ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan. Mo dúró kí ó jáde, mo lọ kà wọ́n. “Èyí kò kú, ó ń sùn ni. Má fi ọkọ́ kàn án.” “Tí ìyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti so, gé e, fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀.” “Ìsàlẹ̀ ni kí o ti máa já ewé.” “Tí èyí bá ga dé fèrèsé, bẹ́ orí rẹ̀.” Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́, ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Òun fúnra rẹ̀ mọ oko náà tọwọ́ tẹsẹ̀, kò nílò kí pákó rán an létí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló ń kọ ọ́ fún, ìgbà tí òun ò sì ní sí níbẹ̀ ló ń kọ ọ́ dè.

Ọkùnrin kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń ta ọmọ igi lẹ́bàá ilé epo. Bàtà Òjò là ń pè é, torí bàtà òjò ló ń wọ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń gbé alùpùpù rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé mi, òun àti ìyàwó mi á dúró sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Wò ó bí mo ṣe wò ó: igi tó ń tà á máa so fún ogún ọdún. Oníṣòwò wo ló ń ta ohun tí oníbàárà kò ní padà wá rà mọ́? Tí òun fúnra rẹ̀ bá sì ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ló ń wá?

Èyí tó kẹ́yìn ló dùn mí jù. Mo ń wá okùn ìwọ̀n pákó mi lábẹ́ ibùsùn, mo bá páálí kan. Bàtà funfun pẹlẹbẹ ló wà nínú rẹ̀, tuntun, kò tíì kanlẹ̀. Ìwé pélébé kan wà lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ìyàwó mi ló fi kọ ọ́, àdírẹ́sì ni. Ìlú rẹ ni. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́, mo ń bi ọ́ bí ẹni ń bi ọmọ ìyá rẹ̀, kí ni ìyàwó mi ń wá ní ìlú rẹ? Mi ò sọ pé o mọ̀ o. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ wá kí wa, ìwọ àtòun dúró pẹ́ lẹ́yìnkùlé lẹ́yìn oúnjẹ. Bí mo ṣe yọ sí yín báyìí, o yára ní òjò fẹ́ rọ̀. Ojú ọ̀run mọ́ kedere lọ́jọ́ náà, mi ò gbàgbé.

Lọ́la, mo ń lọ bá Bàtà Òjò níbi tó ti ń ta igi. Mi ò tíì ní fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná.

                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin.

Mo ti dé. Rọra jókòó kí o tó ka èyí.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kẹtàlá ni mo lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ lẹ́nu láti ilé. Ohun tí mi ò rántí ni pé òòlù mi ṣì wà ní ìbàdí mi. Bí Bàtà Òjò ṣe rí òòlù yẹn, inú rẹ̀ dùn, ó ń pariwo láti òkèèrè, “Káfíńtà! Ọlọ́run ló rán yín wá. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi yìí ti ń fìyà jẹ mí láti ìjẹta.” Kí n tó la ẹnu, ó ti gbé ilẹ̀kùn lé mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí mo ń tún hínjì ṣe fún ẹni tí mo wá bá jà. Tí o bá rẹ́rìn-ín, mi ò ní dárí jì ọ́.

Mo ń kan ìṣó, mo ń fi ọgbọ́n wádìí ọ̀rọ̀. Mo ní ìyàwó mi ti ń yọ ọ́ lẹ́nu jù. Ó ní rárá o, òun gan-an ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan lòun ń wá gba ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ torí tiwa ń bí ju tòun lọ. “Nínú gbogbo oníbàárà mi,” ló wí, “òun nìkan ló mọ ohun tó ń wá. Ó ti ń lọ bí ọdún márùn-ún báyìí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ibí, ó ní kí n fún òun ní ohun tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa oko á máa já jẹ fún ọdún mẹ́ta, tí ò ní lè bà á jẹ́. Mo ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò sí láyé. Ó ní ó wà.”

Mo bi í pé ta ni. Ó wò mí. Ó wo òòlù ọwọ́ mi. Ó wá tẹjú mọ́ bàtà òjò rẹ̀. “Ẹ má bínú,” ló ní, “mo rò pé ẹ mọ̀ ni.”

Ọdún mẹ́ta! Bí mo ṣe ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ yẹn ń ró lórí mi. Mo lọ tààrà sábẹ́ ibùsùn, mo gbé páálí náà, mo gbé e ka orí tábìlì níwájú ìyàwó mi. Kò ta gìrì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó ní, “Bàbá Ọmọ, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ti gbà mí. Ọdún mẹ́ta ni. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mò ń lọ.”

Mo gbé ohùn sókè. Mo ní ta ló bi léèrè kó tó ṣe irú èyí. Ó ní òun ti bi mí rí, ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà kọ́kọ́ gba òun. Mo búra fún ọ, mi ò rántí. Òun rántí gbogbo rẹ̀. Ó ní inú ṣọ́ọ̀bù ni, mo ń fá ilẹ̀kùn kan, òun na lẹ́tà náà sí mi, mi ò tiẹ̀ gbé orí sókè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sọ. Mo ní, “Ta ló máa gbin oko?” Mo sì ń fá ilẹ̀kùn mi lọ. Ó ní òun sunkún fún ọjọ́ kan. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, òun rí i pé ìbéèrè ni mo bi òun, pé ìbéèrè sì ní ìdáhùn.

Ó wá wò mí lójú, kò gbóhùn sókè rárá. “Ẹ ní ta ló máa gbin oko. Ọdún márùn-ún ni mo fi dá yín lóhùn. Ẹ jáde lọ wò ó. Kò sí ẹni tó máa gbìn ín mọ́. Tí ìbéèrè mìíràn bá wà, ẹ bi mí lónìí, torí mi ò ní ọdún márùn-ún mìíràn.”

Mo wá ìbéèrè, ọ̀rẹ́ mi. Mo wá a débi tó yẹ kí ojú tì mí. Mo ní ta ló máa fọ aṣọ ọmọ. Ọmọ náà dáhùn láti inú yàrá, ó ní òun ti ń fọ tòun láti èṣí, òun ló sì ń fọ tèmi, kí n jọ̀ọ́ máa yọ ìṣó kúrò lápò ṣòkòtò mi. Mo ní ṣé ọjọ́ orí rẹ̀ kò ti pọ̀ jù. Ìyàwó mi ní nọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ òun dàgbà ju òun lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ jókòó sínú èérún pákó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oko rárá, kò sì jẹ́ ọ̀rọ̀ oko ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn pẹ̀lú. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé tó bá lọ kàwé, tó rí ayé, tó padà dé, á wò mí, á rí i pé mi ò tó nǹkan. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ni mo bá fi àgbàdo bò ó. Obìnrin náà gbà mí gbọ́ o! Ó rò pé oko ló ń dùn mí lóòótọ́. Ó fi ọdún márùn-ún yanjú ọ̀rọ̀ tí mo sọ láìgbé orí sókè. Ó dùn mí wọ egungun.

Ó sọ fún mi pé o mọ̀. Ó ní ìwọ lo bá òun wá àdírẹ́sì náà, pé ẹ̀ẹ̀mejì lo sọ pé kí òun sọ fún mi, òun ló ní ó di ìgbà tí igi bá so. Mo bínú sí ọ fún odidi ọ̀sán kan. Ó ṣì ku díẹ̀ nílẹ̀, a ó parí rẹ̀ tí a bá ríra. Ṣùgbọ́n kí ló fà á tó fi lè sọ fún ọ, tí kò lè sọ fún mi? Mo mọ ohun tó fà á.

Jẹ́ kí n tún jẹ́wọ́ ọ̀kan. Nígbà tí mo mọ̀ pé ìlú rẹ ló ń bọ̀, ohun àkọ́kọ́ tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ á máa bá mi ṣọ́ ọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pàápàá, odidi ojú ìwé kan: ìgbà tí wọ́n ń jáde, ẹni tó ń bá a rìn, ẹni tó ń bá a rẹ́rìn-ín lẹ́nu géètì. Mo kà á tán, mo fà á ya. Tí o bá rí i, má kọ ẹni tó bá a rìn sí mi. Bi í bóyá ó ti jẹun.

Mo kan àpótí kan fún un tó máa kó ẹrù rẹ̀ sí. Pákó tó dára ni mo lò. Àgádágodo rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Mo fún un ní ọ̀kan, mo fi èkejì sápò, mo ní torí tí tirẹ̀ bá sọnù ni. O mọ̀ mí, o mọ̀ pé irọ́ ni. Òun náà mọ̀, ó kàn ní ó dáa. Ọjọ́ méjì gbáko ni kọ́kọ́rọ́ yẹn fi wà lápò mi, mi ò sì lè ṣe iṣẹ́ gidi kan, ọwọ́ mi kò kúrò lára rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, bó ṣe ń ká aṣọ rẹ̀, mo nà án sí i. Ó bi mí pé, “Ṣé ó dá yín lójú?” Mo ní kò dá mi lójú, kí ó tètè gbà á kí n tó yí ọkàn padà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbà á kíá.

Bá mi kí ìyàwó rẹ dáadáa, kí ó má ṣe fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì máa fi orúnkún yẹn rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ mi ní kí n kí ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti orí bẹ́ǹṣì, tó ṣì ń fura díẹ̀,

Oníṣó.